Bí Ọba Ò Bá Sí Nílé, Ta Ni Adelé? Wáyà Abẹ́ Òkun, Owó Báǹkì, àti Fóònù Ọwọ́ Yín

Inú yàrá kékeré tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ níbí ní Ẹ̀rìn-Ilé ni mo wà. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀kadà ń kọjá lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú. Mo ti ti fèrèsé dé ibi tó lè dé, ooru ò jẹ́ kí n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti kà á ju kí ẹ gbọ́ ọ lọ, ọ̀rọ̀ náà nìyí bí mo ṣe sọ ọ́. Ibi tí mo ti wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní failover. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, torí ẹ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bí iná bá lọ, tí ẹnìkan nínú ilé dìde, tó lọ fa jẹnẹrétọ̀, tó wá yí ṣéńjìófà sí apá kejì, failover lẹni yẹn ṣe. Bó bá sì jẹ́ ínfátà ni ẹ ní, tí gílóòbù ò tiẹ̀ ṣẹ́jú nígbà tí iná lọ, àfi ìgbà tí ẹ gbọ́ ariwo aládùúgbò lẹ tó mọ̀, failover náà ni, ṣùgbọ́n ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fi ìyàtọ̀ méjèèjì yẹn sọ́kàn.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu wẹ́kú. Bí ọba bá wàjà, ààfin kì í ṣófo. Adelé á wà níbẹ̀, á máa gbọ́ ẹjọ́, á máa gba àlejò, ìlú á máa lọ. Ẹ̀rọ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń retí kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ kú kó lè gba ipò rẹ̀, adelé ni n ó máa pè é.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ cloud yìí. Kò sí ohunkóhun lójú sánmà. Ilé ńlá ni, ilé gidi tó ní ògiri àti ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó kún fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí tọ̀sán-tòru, tí jẹnẹrétọ̀ ràbàtà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ní fọ́tò yín wà nínú cloud, ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ní Ireland, ó lè jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Okùn tó so ọwọ́ yín mọ́ ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lé lórí.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ nínú yín rántí ọjọ́ náà bí ẹ ò bá tiẹ̀ rántí déètì rẹ̀. Áàpù báǹkì kàn ń yí róbótó. Ẹ̀rọ POS ń kọ owó. Àwọn èèyàn ń pa fóònù, wọ́n ń tan án padà, wọ́n ń yọ SIM, wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ ẹ, bí ẹni pé eruku ló fa gbogbo rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe fóònù. Wáyà mẹ́rin ló já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Gánà, orílẹ̀-èdè Benin, Tógò, Niger, Burkina Faso, Làìbéríà, Kamẹrúùnù, àwa náà ní Nàìjíríà, gbogbo wa la fara kó o. Ti Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ ló burú jù.

Àwọn wáyà yìí ò nípọn bí ẹ ṣe lè rò. Nínú agbami, wọn ò ju rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó lọ, àárín rẹ̀ sì ni okùn gíláàsì tó tínrín bí irun orí wà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré gba inú gíláàsì yẹn kọjá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ohùn yín, fídíò yín, owó yín. Iléeṣẹ́ MainOne sọ nígbà náà pé ibi tí wáyà àwọn ti já jìn tó bíi kìlómítà 3 sísàlẹ̀ omi, nítorí náà kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja ló já a. Ilẹ̀ abẹ́ òkun ló ṣeé ṣe kó mì. Àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ omi níwájú Abidjan tí àwọn Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ihò tí kò nísàlẹ̀. Àwọn wáyà wọ̀nyí ní láti gba ibẹ̀ kọjá. Bí iyanrìn àti ẹrẹ̀ bá ya lulẹ̀ nínú àfonífojì bẹ́ẹ̀, kì í bèèrè wáyà ta ni kó tó fà á já.

Ní báyìí, ẹ bá mi ronú. Wáyà mẹ́rin já, síbẹ̀ Nàìjíríà ò ṣókùnkùn pátápátá. Ó falẹ̀, ó ń já, ó ń so, ṣùgbọ́n kò kú. Kí ló fà á? Wáyà méjì tó kù ni. Glo-1 wà, tó lọ láti Èkó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Equiano ti Google náà wà, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, tí wọ́n fi orúkọ Olaudah Equiano sọ, ọmọ ilẹ̀ wa níhìn-ín tí wọ́n kó lẹ́rú lọ tó wá di òǹkọ̀wé. Equiano gba inú agbami tó jìn sétíkun kọjá, kò sí lára àwọn tó já. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń darí ọkọ̀ dátà, tí wọ́n ń pè ní ráútà, máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà: "Mo lè dé Lisbon, gba ọ̀dọ̀ mi." Bí ráútà kan bá ti dákẹ́, àwọn yòókù á pa ọ̀nà rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé wọn, wọ́n á yà sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe ráútà kankan.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Pé ọ̀nà kejì wà kò túmọ̀ sí pé ẹ ní àyè níbẹ̀. Àyè orí wáyà, títà ni wọ́n ń tà á. Iléeṣẹ́ tó ti sanwó fún àyè lórí Equiano kí ọjọ́ burúkú tó dé, ẹ̀rọ rẹ̀ yà síbẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ lè máà mọ̀ ju pé nǹkan falẹ̀ díẹ̀. Èyí tí kò rà á, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tó máa tà fún un, nígbà tí gbogbo ayé ń wá ohun kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí báǹkì kan padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, kí òmíràn ṣì máa yí róbótó ní ọjọ́ kejì. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àjọ NCC kéde pé ó ti tó 90% agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti padà. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò tí ì tún gbogbo wáyà náà so nígbà yẹn o. Adelé ló ń ṣe iṣẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa rí ká ní kò sí adelé, ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín léèrè nípa oṣù Keje ọdún 2009. SAT-3 nìkan ló ń ru ẹrù wa nígbà yẹn, ó sì bàjẹ́ níwájú etíkun orílẹ̀-èdè Benin. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ó tó 70% dátà Nàìjíríà tó lọ. Sátẹ́láìtì ni àwọn tó lówó sá lọ bá, ó sì wọ́n bí ojú. Ọdún 2010 ni MainOne àti Glo-1 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nǹkan ò yí padà, ẹ sọ fún un pé lọ́dún 2009 wáyà kan bàjẹ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2024 mẹ́rin já, a ṣì ń rí WhatsApp lò ní ìrọ̀lẹ́.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé kọ̀ǹpútà wàyí, torí ìṣòro ibẹ̀ tún yàtọ̀. Báwo ni adelé ṣe máa mọ̀ pé ọba ti wàjà? Ìkíni ni. Ẹ̀rọ méjèèjì ń kí ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀: "Ṣé o wà níbẹ̀?" "Mo wà." "Ṣé o wà níbẹ̀?" "Mo wà." Bí ìkíni mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti lọ tí kò sí ìdáhùn, adelé á gbé ipò, á sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀dọ̀ òun ni kí wọ́n máa bọ̀.

Ṣé ẹ rí ewu ibẹ̀? Kí adelé kígbe kò ní kí a dá a lóhùn kò túmọ̀ sí pé ọba ti kú. Ó lè jẹ́ okùn àárín wọn ló já. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ₦20,000 nínú àkáǹtì. Ẹ̀rọ báǹkì rẹ̀ kan wà ní Èkó, èkejì wà lókè òkun, okùn àárín wọn já. Èyí tó wà ní Èkó rò pé òun ṣì ni ọba. Èyí tó wà lókè òkun rò pé ọba ti wàjà, ó sì gorí oyè. Ọmọ náà gba ₦20,000 lọ́dọ̀ oní-POS níbí ní Ẹ̀rìn-Ilé, ẹ̀rọ Èkó ní "owó wà, máa gbà." Lákòókò kan náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi káàdì rẹ̀ ra nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ òkè òkun náà ní "owó wà, máa rà." ₦40,000 ti jáde nínú ₦20,000. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ju kí ẹ̀rọ kú pátápátá lọ. Ẹ̀rọ tó bá kú, ẹ óò jí i. Ìwé owó tó bá di méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀, ta ló fẹ́ yanjú rẹ̀?

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọn ò jẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ́ méjì. Mẹ́ta ni, tàbí márùn-ún. Bí okùn bá já, apá tí èèyàn pọ̀ sí ló máa yan ẹni tó máa ṣe olórí. Ẹ̀rọ tó bá rí i pé òun dá wà á dákẹ́, kò ní gba owó, kò ní san owó, títí yóò fi gbúròó àwọn yòókù. Nígbà mìíràn wọ́n tún máa ń pa iná ẹ̀rọ àtijọ́ pátápátá kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn jẹ, kó má baà jí padà kó sọ pé oyè ṣì jẹ́ tòun. Nítorí náà, nígbà tí áàpù báǹkì bá sọ fún yín pé ẹ gbìyànjú nígbà míì, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ pé ó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kan níbìkan ti yàn láti kọ̀ fún yín dípò kó purọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń kígbe mọ́ kò ní dúró gbọ́ àlàyé yìí, [ẹ̀rín] ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ "wọ́n ti yọ owó mi, kò sì dé" náà ń bẹ níbí. Gbogbo ohun tí ọba bá kọ sínú ìwé, adelé ní láti dà á kọ. Ọ̀nà méjì ló wà láti dà á kọ. Ọba lè dúró kí adelé sọ pé "mo ti kọ ọ́" kó tó dá oníbàárà lóhùn. Kò sí ohun tó máa sọnù, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan á falẹ̀, pàápàá bí adelé bá jìnnà. Tàbí kí ọba dáhùn lójú ẹsẹ̀, kó máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ bó bá ṣe rọrùn. Ìyẹn yá. Àmọ́ bí ọba bá ṣubú láàárín ìdáhùn àti ìfiránṣẹ́, adelé á gorí oyè láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sẹ́yìn. Fún àwòrán orí Instagram, ìyẹn ò burú, láìkì méjì ló sọnù. Fún owó, wàhálà ni. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sì máa ń gba ọwọ́ ẹ̀rọ báǹkì yín, ẹ̀rọ àárín tó so báǹkì pọ̀, àti ẹ̀rọ báǹkì ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Bí èyí tó wà láàárín bá dákẹ́ lẹ́yìn tí tiyín ti yọ owó, owó náà wà lójú ọ̀nà, bí ẹni tó wọkọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin. Kò sí nílé, kò tí ì dé ibi tó ń lọ.

Ohun tó máa gbà yín ni nọ́ńbà gígùn tó wà lórí rísíìtì yẹn. Ẹ̀rọ tó gbọ́n máa ń wo nọ́ńbà yẹn. Bí ó bá ti rí i tẹ́lẹ̀, kò ní san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fúnra yín tún un fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tuntun lẹ dá sílẹ̀, ẹ̀rọ á gbà pé owó tuntun ni. Ẹ ya fọ́tò rísíìtì, ẹ wo àkáǹtì yín lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá tó ń ta gààrí tí owó ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò puró, ọmọ tó ní òun ti sanwó náà ò puró. Mo ti rí ibi tí ìjà ti fẹ́ bẹ́ lórí irú rẹ̀.

Mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa adelé tó kú pẹ̀lú ọba lọ́jọ́ kan náà. Wáyà mẹ́rin ni àwọn iléeṣẹ́ kan kà ní 2024 tí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mẹ́rin, ó pọ̀! Ṣùgbọ́n àfonífojì kan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà kọjá. Orúkọ pọ̀, ọ̀nà jẹ́ ọ̀kan. Ó sì lè jẹ́ àṣẹ kan, kó máà jẹ́ ilẹ̀ tó ya. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, àṣẹ kan já gbogbo ilé kọ̀ǹpútà wọn kúrò lára ara wọn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ àdírẹ́sì Facebook fún ayé sì rí i pé àwọn ò rí ilé mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé bí ara wọn ò bá yá, kí wọ́n yọra wọn kúrò kí ẹlòmíràn lè gba ipò. Gbogbo wọn yọra wọn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ṣe fún ààbò gan-an ló pa iná ilé.

Amazon náà rí tirẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ní àwọn ilé kọ̀ǹpútà wọn tó wà ní Virginia. Ẹ̀rọ ibẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n ètò méjì tó ń tọ́jú ìwé àdírẹ́sì kọlu ara wọn, àdírẹ́sì ibi ìpamọ́ dátà pàtàkì kan sì di òfìfo. Snapchat lọ, Signal lọ, àìlóǹkà nǹkan lọ. Ẹni tó ní adelé méjì tàbí mẹ́ta, tí gbogbo wọn wà ní Virginia kan náà, ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé agboolé kan ni gbogbo wọn ń gbé.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí Netflix ṣe. Wọ́n kọ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Chaos Monkey, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa já wọ inú ẹ̀rọ àwọn fúnra wọn lọ́sàn-án gangan, kó máa pa á láì kìlọ̀, kí wọ́n lè rí i bóyá adelé máa dìde lóòótọ́. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń pa iná ilé ara rẹ̀ láti dán jẹnẹrétọ̀ wò. Ẹ tún wá rántí jẹnẹrétọ̀ ibi ayẹyẹ tí wọn ò tàn fún oṣù mẹ́fà, tí iná lọ nígbà tí olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹnu sí máíkì, tí wọ́n ń fà á, ń fà á, tí okùn já mọ́ ẹni tó ń fà á lọ́wọ́.

Níbí ní Ẹ̀rìn-Ilé, àwọn oní-POS ni mo rí pé wọ́n mọ failover jù, bí wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ lọ wo tábìlì wọn. Ẹ̀rọ méjì láti iléeṣẹ́ méjì, SIM ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó díẹ̀ nínú àkáǹtì báǹkì méjì, owó bébà sì wà nínú àpò ìbàdí fún ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀rọ bá kọ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn, ìyá kan tí mo máa ń gba owó lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ta ló kọ́ ọ. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní, "Ọjà ni."

Ohun kan ṣoṣo ni mo sọ fún un tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. SIM méjì kì í ṣe ọ̀nà méjì ní gbogbo ìgbà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì lè gun òpó kan náà, kí wáyà tó ti ibẹ̀ lọ sí Èkó sì jẹ́ ọ̀kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ti Abidjan, MTN dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wa torí wáyà orí ilẹ̀ tó já níbi tó ju ọ̀kan lọ. Kò sí òkun níbẹ̀, ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí ni. Mo ní kó kíyè sí i: lọ́jọ́ tí èyí bá kọ̀, ṣé èkejì kì í kọ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀, kó pààrọ̀ ọ̀kan. Ó ní òun máa ṣọ́ ọ fún oṣù kan. Ó ti ń kọ déètì sí ẹ̀yìn ìwé gbèsè rẹ̀ báyìí, èyí tó kọ̀ àti èyí tó gbà, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ka èsì rẹ̀ fún yín lórí ètò yìí.

Ẹ̀yin náà, bí SIM yín méjèèjì bá ń kú pọ̀, ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín ránṣẹ́ sí mi. Ó dìgbà kan ná.